Ta Ló Ni Ọ̀nà Tí Epo Ń Gbà? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ìyá Kan ní Rẹ́mọ

Ìyá kan tó ń gbé ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣàgámù, tó sì ti ń ná ọjà Kútọnu fún nǹkan bí ogún ọdún, kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ọ̀pá epo tó ń lọ sí Mósímí gba orí ilẹ̀ bàbá mi kọjá, kékeré la ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo ń kọjá ní Sẹ̀mẹ̀ lọ́dún 2024, mo gbọ́ pé orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti dínà mọ́ epo Nìjẹ̀r lẹ́yìn tí epo náà ti dé etí òkun tán. Ó yà mí lẹ́nu. Kí ló dé tí ẹnì kan á gbé ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ gba ilẹ̀ ẹlòmíràn? Ṣé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè tọ́jọ́? Wọ́n tún ń sọ pé ọ̀pá tuntun lè gba ọ̀dọ̀ wa. Ṣé kí a gbà? Àti pé, ṣé mo lè gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ tí ọ̀pá àtijọ́ yẹn gbà?"

Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìrìn ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Kí n kọ́kọ́ sọ èrò tèmi kí n tó tú u palẹ̀. Ọ̀pá epo tó bá gba ilẹ̀ ju orílẹ̀-èdè kan lọ máa ń tọ́jọ́ nígbà tí ẹni tó ni epo, ẹni tó ni ọ̀nà àti ẹni tí wọ́n gbẹ́ oko rẹ̀ bá ní ohun tí ọwọ́ wọn ń bà níbẹ̀, tí yóò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí epo náà bá dúró. Ìwé àdéhùn dára, èmi náà sì ti bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọ̀pá tí ìwé nìkan gbà sílẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ yìí, ẹni ìkẹta, èyí tí í ṣe ẹ̀yin, ni wọ́n máa ń rántí gbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Sẹ̀mẹ̀ tí ẹ ti mọ̀. (Bẹ̀nẹ̀ tí à ń wí ni ti Kútọnu o, kì í ṣe Bìní ti Ẹdó.) Epo Nìjẹ̀r ń jáde láti Agadem, nínú aṣálẹ̀ ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, Nìjẹ̀r kò sì ní etí òkun. CNPC, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba Ṣáínà, ló ri ọ̀pá náà. Ó gùn tó nǹkan bí 1,950 kìlómítà. 1,275 wà nínú ilẹ̀ Nìjẹ̀r, 675 tó kù sì wà nínú ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ títí dé etí òkun Sẹ̀mẹ̀-Kpodji, níbi tí kò jìnnà sí ibodè tí ẹ máa ń gbà. Wọ́n ṣe é láti máa gbé 90,000 àgbá epo rọ̀bì jáde lójúmọ́. Iṣẹ́ náà ti ń lọ sópin nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey ní oṣù keje ọdún 2023. ECOWAS dá sẹ̀ríà fún wọn, ibodè sì di títì. Nígbà tí ECOWAS wá ká sẹ̀ríà náà kúrò nílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn ológun Nìjẹ̀r kọ̀, wọn kò ṣí ibodè wọn fún Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ní àwọn kò fọkàn tán aládùúgbò àwọn mọ́. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, Patrice Talon, tó jẹ́ ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, fi èsì tirẹ̀ lélẹ̀ pé bí Nìjẹ̀r bá fẹ́ kó epo sínú ọkọ̀ ojú omi ní Bẹ̀nẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ṣí ibodè fún ọjà àwọn ará Bẹ̀nẹ̀.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé Nìjẹ̀r ti gba 400 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n máa fi epo náà san. Owó tí a ti gbà sílẹ̀ kì í ní sùúrù. Àwọn ará Ṣáínà bá wọn dá sí i, ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì kó epo nínú oṣù karùn-ún yẹn kan náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà, Bẹ̀nẹ̀ mú àwọn ọmọ Nìjẹ̀r kan tí wọ́n wọ ọgbà ọ̀pá epo náà ní Sẹ̀mẹ̀. Nìjẹ̀r ti fáàfù pa lọ́dọ̀ tirẹ̀. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ń bá ìjọba ológun jà sì tún ba ọ̀pá náà jẹ́ nínú aṣálẹ̀ láàárín oṣù kan náà. Ó di oṣù kẹjọ kí epo tó tún lọ. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tó sọ pé àdéhùn kò sí. Àdéhùn wà, gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i, gbogbo wọn ló sì ń tọ́ka sí i.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ kò yẹ kó bá Bẹ̀nẹ̀ bínú jù, nítorí àwọn baba wa ṣe é rí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹrù tó bá ti etí ọ̀sà ń lọ sí Ìbàdàn, tàbí èyí tó bá ti òkè ń bọ̀ wá sí Èkó, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló wà láàárín. Oníbodè jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń gba owó; àlejò kì í sì í gba ìlú já bó ṣe wù ú. Nínú ọjà ni wọ́n ti máa ń pàdé, Ìjẹ̀bú ni yóò sì gbé ẹrù náà láti apá kan dé apá kejì. Bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́, wọ́n á ti ọ̀nà pa, ojú Èkó àti ojú Ìbàdàn á sì jọ máa pọ́n. Láàárín ọdún 1870 sí 1880, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó la ọ̀nà Oǹdó láti fi yẹ Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1892, wọ́n ṣe àdéhùn pé kí Ìjẹ̀bú ṣí ọ̀nà, kí ó pa owó ibodè rẹ́, kí Gẹ̀ẹ́sì sì máa san 500 pọ́n-ùn lọ́dún dípò rẹ̀. Àdéhùn náà kò pé oṣù márùn-ún tó fi fọ́. Nínú oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni wọ́n pàdé lójú ogun ní Ìmàgbọn, lásìkò Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ohun tó sì ṣẹ̀ níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa.

Mo mú ìtàn yìí wá nítorí pé gbogbo ohun tí ẹni tó lẹ́rù lè ṣe sí ẹni tó lọ́nà ló wà nínú rẹ̀: kó san owó, kó wá ọ̀nà mìíràn gbà, tàbí kó fi tipátipá gbà á. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé aláàárù ẹlẹ́sẹ̀ lè yà. Ọkọ̀ táńkà náà lè yà. Bí wọ́n bá dá a dúró ní Ògèrè, yóò padà sẹ́yìn, yóò gba Ìjẹ̀bú-Òde, yóò bọ́ sí Màmú, yóò sì yọ sí Ìbàdàn ní Ìdí-Ayùnrẹ́. Ọ̀pá tí wọ́n ti jó pọ̀ lẹ́nu-lẹ́nu, tí wọ́n sì ti rì sínú ilẹ̀, kò lè yà síbì kankan. Kí wọ́n tó rì í, ẹni tó lówó ni ọ̀gá. Gbogbo ìjọba ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ọ̀dọ̀ àwọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí rẹ̀, ẹni tó lọ́nà di ọ̀gá, nítorí ó mọ̀ pé wọn kò lè hú u kúrò.

Ẹ ó wá bi mí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Àgbá epo kan jẹ́ nǹkan bí 159 lítà. Àgbá 90,000 ti Nìjẹ̀r á jẹ́ mílíọ̀nù 14 lítà ó lé. Bí a bá fi táńkà tó ń gba 33,000 lítà kó o, ó ju 430 táńkà lọ lójoojúmọ́, ti ìrìn kìlómítà tó sún mọ́ 2,000 ní àlọ nìkan, láìka àbọ̀, díísù, táyà àti àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó lè rí èrè nídìí irú rẹ̀.

Gúúsù Sùdáánì ni àpẹẹrẹ tó burú jù. Nígbà tí ó gba òmìnira ní oṣù keje ọdún 2011, ó kó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin epo Sùdáánì lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pá àti èbúté kù sọ́wọ́ Khartoum, olú ìlú Sùdáánì. Khartoum ń béèrè tó dọ́là 36 lórí àgbá kan. Juba, olú ìlú Gúúsù Sùdáánì, ní òun kò lè san ju bíi dọ́là kan lọ. Khartoum bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lára epo náà dípò owó, Juba sì fi ìbínú ti kànga epo rẹ̀ pa ní oṣù kìíní ọdún 2012, bẹ́ẹ̀ sì rèé, epo yìí ló ń mú nǹkan bí ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba rẹ̀. Ó ju ọdún kan lọ kí epo tó tún ṣàn. Ẹni méjì tó di ara wọn lọ́rùn mú ni wọ́n, ebi sì pa àwọn méjèèjì.

Ọgbọ́n yíyẹ ọ̀nà sílẹ̀ ṣì wà títí di òní. Ùgáńdà, tí gbogbo ènìyàn rò pé yóò gba Kẹ́ńyà, yan Tànsáníà ní ọdún 2016. Rọ́ṣíà ri ọ̀pá gáàsì Nord Stream sábẹ́ òkun Baltic tààrà lọ sí Jámánì kí ó má baà máa fi gbogbo gáàsì rẹ̀ gba Úkráínì, lẹ́yìn tí wọ́n ti jà lórí owó ní ọdún 2006 àti 2009. Ẹ sì wo bó ṣe parí: ọ̀pá tó yẹ Úkráínì sílẹ̀ ni wọ́n fọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, nígbà tí èyí tó gba inú Úkráínì kọjá ń gbé gáàsì Rọ́ṣíà lọ láàárín ogun, tí Rọ́ṣíà sì ń san owó ọ̀nà fún ẹni tó ń bá jà, títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 tí àdéhùn wọn parí. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣiṣẹ́ yìí, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ohun tí ọ̀rẹ́ kò lè pa mọ́, èrè pa á mọ́ láàárín ọ̀tá.

Ní ti pé kó tọ́jọ́, irin fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pá tí wọ́n ń kun, tí wọ́n ń fi iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ dènà ìpẹtà fún, tí wọ́n sì ń rán ẹ̀rọ sínú rẹ̀ láti fọ̀ ọ́ kí ó sì yẹ ara rẹ̀ wò, lè lo ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n pa tì lè jò láàárín ọdún díẹ̀. Epo náà tún yàtọ̀ síra. Ẹ mọ bí epo pupa ṣe máa ń dì nínú kẹ́ẹ̀gì lásìkò ọyẹ́, tí ẹ ó fi gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná kí ó tó lè dà? Irú epo rọ̀bì bẹ́ẹ̀ ni Ùgáńdà ní. Nítorí náà ọ̀pá tí wọ́n ń rì láti Hoima ní Ùgáńdà dé Tanga ní Tànsáníà, tó jẹ́ 1,443 kìlómítà, gbọ́dọ̀ gbóná tó ìwọ̀n 50 ti Celsius láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iná tí yóò máa mú un gbóná yẹn kò gbọdọ̀ kú. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí ogun Sùdáánì kò jẹ́ kí díísù dé ibi tí àwọn ẹ̀rọ tó ń ti epo wà, epo Gúúsù Sùdáánì dì nínú ọ̀pá, ọ̀pá náà sì bẹ́.

Ìyẹn kò tíì kan ti ojú ọjọ́. Ọ̀pá tí a bá rì lónìí ń ṣe ìlérí fún wa pé àwọn ènìyàn yóò ṣì máa ra epo náà ní ọdún 2055. Àwọn báńkì ńlá kan lókè òkun ti ní àwọn kò ní yá ọ̀pá Ùgáńdà lówó, Ilé Aṣòfin Ilẹ̀ Yúróòpù sì sọ̀rọ̀ sí i ní ọdún 2022. Àwọn ará Ùgáńdà ní ẹni tó ti jẹun yó ló ń sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé oúnjẹ kò dára. N kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ohun tí èmi máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń pète ọ̀pá tuntun láti Nàìjíríà, yálà èyí tí wọ́n fẹ́ gbé gba aṣálẹ̀ lọ sí Àlgéríà tàbí èyí tí wọ́n fẹ́ gbé gba etí òkun lọ sí Mòrókò, ni pé ta ni yóò san owó tí wọn yóò fi hú u tàbí tí wọn yóò fi dí i pa lọ́jọ́ tí kò bá lérè mọ́. Mo ti bi wọ́n léèrè nínú ìpàdé tó pọ̀. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì lọ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn.

Kò dìgbà tí a bá lọ sí Rọ́ṣíà, ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí ní tirẹ̀. Láti Ìtókì ni ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba Badagry bọ́ sínú òkun, ó sì lọ títí dé Takoradi ní Gánà, 678 kìlómítà, pẹ̀lú ẹ̀ka sí Kútọnu, Lomé àti Tema. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní ọdún 2003. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ọkọ̀ ojú omi kan tí àwọn olè ojú òkun dá lọ́nà wọ́ ìdákọ̀ró rẹ̀ lórí ọ̀pá náà lẹ́bàá Tógò, ó sì já a. Nǹkan bí ọdún kan ni Gánà fi wà láìrí gáàsì. Bí ó tilẹ̀ ń ṣàn, Nàìjíríà kì í sábà fún wọn tó iye tó ṣèlérí, Gánà náà kì í sì í san owó rẹ̀ lásìkò. Síbẹ̀ kò tíì kú, nítorí iná Gánà wà níbẹ̀, owó Nàìjíríà náà sì wà níbẹ̀. Nígbà tí Gánà rí gáàsì tirẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè rẹ̀, ọ̀pá kan náà ni wọ́n yí padà láti máa fi gbé e láti Takoradi wá sí Tema. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó kàn yín gan-an ni pé ní ọdún 2006, àwọn abúlé tí ọ̀pá yẹn gbà kọjá ní Nàìjíríà kó ara wọn jọ lábẹ́ orúkọ Ìfẹ́sowápọ̀, wọ́n sì kọ̀wé ẹ̀sùn sí Báńkì Àgbáyé, tó ṣe onídùúró fún iṣẹ́ náà. Báńkì náà rán ìgbìmọ̀ olùwádìí rẹ̀ wá. Àbájáde ìwádìí tó jáde ní ọdún 2008 gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ pé owó gbà-má-bínú tí wọ́n san kò tó ohun tí àwọn àgbẹ̀ pàdánù. N kò mọ ìgbà mélòó tí abúlé wa ti mú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ débi tí wọ́n ti ní láti dáhùn.

Èmi fúnra mi mọ bí owó náà ṣe ń kéré. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé òṣìṣẹ́, ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ rán wa lọ ka igi lóko obì kan ní Rẹ́mọ. Bàbá tó ni oko náà ti jí ṣáájú wa. Ó ti so màrìwò mọ́ gbogbo igi obì rẹ̀ tó wà láàárín òpó méjì tí àwọn awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan màrìwò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan igi, ó sì ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn pẹ̀lú àdá lábẹ́ abíyá. Mo ka 62. Akọ̀wé tí a jọ lọ kọ 47 sínú ìwé, ó ní àwọn tó kù kò tíì so. Bàbá náà kò mọ̀wé, ó tẹ àtàńpàkò. Iye tí wọ́n sì dá lé igi kan, igi tí bàbá rẹ̀ gbìn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ìbá ṣì máa ká, kò tó owó obì tó ń tà lórí rẹ̀ láàárín ọdún méjì. N kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Màrìwò yẹn kò kúrò lójú mi.

Nítorí náà, ìyá mi, bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé ọ̀pá tuntun ń bọ̀, yálà ti inú ilé ni tàbí ti ìlú òkèèrè, n kò ní kí ẹ kọ̀, n kò sì ní kí ẹ tètè gbà. Ẹ fi sọ́kàn pé lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ilé, irè oko àti iṣẹ́ tí ẹ ṣe sórí ilẹ̀ ni wọ́n máa ń dá iye lé, kì í ṣe ilẹ̀ náà gan-an. Ìdí nìyí tí kíka igi fi ṣe pàtàkì. Ẹ ka tiyín ṣáájú wọn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí adíyelé tiyín wà níbẹ̀, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ àtàńpàkò sórí ìwé tí ọmọ yín kò tíì kà. Òfin Ọ̀pá Epo ti ọdún 1956 fún onílẹ̀ láyè láti ta kò ó kí wọ́n tó fún ilé-iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ, ó sì fún un láyè láti gba owó bí ọ̀pá bá jò lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìdá 13 tí wọ́n ń pín fún ìpínlẹ̀ tó ń mú epo jáde, nítorí ti ibi tí wọ́n ti wa epo ni, kì í ṣe ti ibi tí epo gbà kọjá. Òfin epo ti ọdún 2021 dá owó ìdàgbàsókè sílẹ̀ fún àwọn ìlú tó gba ilé-iṣẹ́ epo lálejò, ṣùgbọ́n ó sọ pẹ̀lú pé bí wọ́n bá ba ọ̀pá jẹ́ ládùúgbò, nínú owó yẹn ni wọn yóò ti yọ owó àtúnṣe. Ó ń dùn mí pé ìyà iṣẹ́ olè tó wá láti ìlú mìíràn lóru lè bọ́ sórí abúlé tó ń sùn, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe rí nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ yín. Ọ̀pá Mósímí kì í ṣe ti ìlú òkèèrè. Èbúté Atlas Cove ní Èkó ló ti ń gbé epo wá sí ibùdó epo Mósímí, kí ó tó kọjá lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, epo tó wà nínú rẹ̀ ti ré òkun kọjá kí ó tó gba abẹ́ oko bàbá yín. Ẹ má gbin ẹ̀gẹ́ sórí rẹ̀. Ọkọ́ tí ẹ ó fi kọ ebè, àti gbòǹgbò tí ẹ ó wú, lè dé ibi tí kò yẹ kí ó dé, ìdọ̀tí tí ẹ ó sì fẹ́ sun lẹ́yìn ìkórè burú ju méjèèjì lọ. Ẹ jẹ́ kí igi obì náà jìnnà sí àwọn òpó tí wọ́n fi sàmì sí i, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn. Bí ẹ bá sì rí ibi tí koríko kan ti gbẹ láàárín àwọn tútù, tàbí tí òórùn epo gba afẹ́fẹ́, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tanná tàbí gbé ọ̀kadà gba ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì jáde. Ìdí kẹ́ẹ̀gì ni àwọn ènìyàn tó lé ní igba wà ní Abúlé-Ẹ̀gbá láàárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2006, tí iná fi jó wọn.